Àmì Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀ Ìdọ́gba Níbi Iṣẹ́

Kí ìwé kíkọ tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀tá dé nìyẹn. Àwọn ará Akan ní Ghana pẹ̀lú ní àmì adinkra, nínú èyí tí ọ̀nì méjì jọ ní ikùn kan ṣoṣo: ohun tí ọ̀kan bá jẹ, ikùn àwọn méjèèjì ni ó ń lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa láti fi àwòrán kékeré sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe lè ya irú àmì bẹ́ẹ̀ fún ètò ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin níbi iṣẹ́.

Ohun kìn-ín-ní ni kí a mọ ọ̀rọ̀ tí àmì náà yóò sọ. Ní ọdún 1951, Àjọ Àgbáyé tí ó ń rí sí Ọ̀ràn Iṣẹ́ ṣe àdéhùn pé kí owó iṣẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin dọ́gba, bí iṣẹ́ wọn bá ti níye lórí bákan náà. Ghana fọwọ́ sí i ní 1968, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 1974. Àdéhùn yìí kò sọ pé kí obìnrin gba ipò ọkùnrin. Iṣẹ́ ni ó ní kí a wọ̀n, kí a má ṣe wọn ẹni tí ó ṣe é. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Àpẹẹrẹ rere kan wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1975 sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, ó sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe àkọlé rẹ̀: ìdọ́gba, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà. Ní 1974, Valerie Pettis ya àmì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó mú àdàbà, tí í ṣe àmì àlàáfíà; ó mú àmì obìnrin, èyí tí ó jẹ́ òbìrí tí àgbélébùú wà nísàlẹ̀ rẹ̀; ó mú ìlà méjì tí a fi ń kọ ìdọ́gba nínú ìṣirò; ó sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara kan. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó kọ́kọ́ lo ìlà méjì náà nínú ìwé rẹ̀ ní 1557, nítorí ó ní kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba ju ìlà méjì tí gígùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹni tí yóò ya tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ó bá fi ṣòkòtò ṣe àmì ọkùnrin, tí ó fi síkẹ́ẹ̀tì ṣe àmì obìnrin, yóò ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ní ilẹ̀ tí ọkùnrin ti ń wọ agbádá. Bí ó bá ya ọkùnrin gàgàrà, tí ó ya obìnrin kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Kí ìlà rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ó lè hàn ketekete lórí lẹ́tà ní dúdú àti funfun, bí ó tilẹ̀ kéré bí èékánná. Lẹ́yìn náà, kí ó fi í han akọ̀wé, awakọ̀ àti agbálẹ̀ láìṣe àlàyé kankan. Bí wọ́n bá ní, “Àwọn obìnrin fẹ́ gba iṣẹ́ wa,” kí ó tún un yà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, pé ẹ̀jẹ́ ni àmì jẹ́. Bí ìlà méjì bá dọ́gba lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí iye owó méjì kò sì dọ́gba nínú ìwé owó oṣù, irọ́ ni a gbé kọ́ sára ògiri. Ọ̀dọ̀ akápò ni a ó ti mọ̀ bóyá àmì náà ń sọ òtítọ́.