DJ òyìnbó tó gbé orin Bàbátúndé Ọlátúnjí padà wá sétí wa

Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló dé tí oníṣòwò tó ti lé lógójì ọdún, tó ń ta mẹ́mọ́rì káàdì ní Sabon Gari, fi ń gbọ́ Fatboy Slim. Wọ́n ní ariwo lásán ni. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń gbọ́ ọ, kò sì tíì sú wa.

Norman Cook ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìlú Brighton ló fi ṣe ibùjókòó. Ní 2002, nǹkan bí 250,000 èèyàn ló ya bò ó ní etíkun níbẹ̀. Orin tó ń ṣe ni wọ́n ń pè ní breakbeat, iṣẹ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ télọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin àtijọ́, ibì kan máa ń wà tí àwọn tó kù á dákẹ́, tí onílù nìkan á máa lù. DJ á gé ibẹ̀ jáde, bí télọ̀ ṣe ń gé ibi tí ọnà wà lára àǹkárá, á tò ó léraléra nínú kọ̀ǹpútà, á mú un yára, á wá fi ohùn àti nǹkan mìíràn lé e.

Ohun tó so wá mọ́ ọn ni àwo rẹ̀ tó jáde ní 2004, Palookaville. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Jin Go Lo Ba. Ẹ gbọ́ o, orin Bàbátúndé Ọlátúnjí ni! Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry ni bàbá yìí. Ó lọ kàwé sí Morehouse College ní Amẹ́ríkà ní 1950, ó sì ṣe àwo Drums of Passion tí Columbia gbé jáde ní 1960. Santana ti kọ orin náà ní 1969. Ọlátúnjí kú ní 2003, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Fatboy Slim dé. Àwọn ọmọ wa níbí tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, tí a bá tẹ orin yìí, èjìká wọn kì í gbélẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ wà nínú iṣẹ́ yìí. Gregory Coleman ló lu ìlù inú Amen, Brother, orin ẹgbẹ́ The Winstons ní 1969. Ìṣẹ́jú àáyá bíi 6 péré ni wọ́n gé níbẹ̀, ó sì ti wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin. Coleman kú ní 2006 láìnílé lórí. Ní 2015 ni àwọn èèyàn tó dá owó jọ tó ó fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà, ní 24,000 pọ́n-ùn. Ní ti Fatboy Slim, nígbà tó lo ohùn Camille Yarbrough nínú Praise You, orúkọ obìnrin náà wà lára àwọn tó ni orin. Ìyẹn wà lára ohun tí a fi ń gba tiẹ̀.

Níbí náà ńkọ́? Tí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣàríyá, àwọn ọmọdé á na fóònù sí ẹnu gángan. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan gbé orin tó ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. A gbọ́ gángan nínú rẹ̀, a sì mọ ọwọ́ ẹni tó lù ú. Ọmọ náà ò mọ orúkọ bàbá onílù, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un ní nǹkan kan. A ní kó ká lọ. Baba fetí sí orin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní oríkì ẹni tó ń ṣe ìnáwó lòun ń fi ìlù kì lọ́jọ́ náà, ibi tí wọ́n sì ti gé e, orúkọ ọkùnrin náà kò tíì parí. Ó fa gángan rẹ̀ yọ lára ògiri, ó ní kí ọmọ náà tan fóònù.