Ẹ̀yin Ìyá, Ǹjẹ́ Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Yín Dúró Ṣinṣin?

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kí ẹ ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ní Òkèlúsè àti ní àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀, oko kì í sábà wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí yóò já kòkó tàbí tí yóò wú ẹ̀gẹ́ ní láti rìn. Òtítọ́ ni pé alùpùpù ti gba ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, owó ọkọ̀ ti di ẹrù sí ọ̀pọ̀ ilé lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Bí ọ̀kan bá fara ti ògiri nílé yín, ó lè gbé ìyàwó lọ sí ọjà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé baálé lọ sí oko.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a tò mọ́ ara baálé kì í sábà bá ìyàwó mu. Bákan náà ni kẹ̀kẹ́ tí ọrùn rẹ̀ ń mì lè gbé ènìyàn ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pàápàá bí ọmọ bá wà lórí káríà lẹ́yìn. Ohun méjèèjì yìí ni ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe.

Ìwọ̀n tí ó yẹ

Ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹnì kan bá yín dì í mú. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ síwájú púpọ̀ kí ọwọ́ yín tó kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọrùn ọwọ́, èjìká àti ìbàdí ni yóò máa dùn yín lálẹ́. Kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìjókòó, tàbí kí ó ga jù ú lọ díẹ̀, kí ìgunpá sì rọ̀ díẹ̀; èyí ni ó máa ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ẹ má sì gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, iwájú kẹ̀kẹ́ yóò fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn mọ́.

Bí a ṣe ń gbé e sókè

Bóòtì kan wà ní òkè ọ̀pá tí ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ fi sípánà tú u sí òsì ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ gbé igi pẹlẹbẹ lé e lórí, kí ẹ sì fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, kí irin tí ó há sínú lọ́hùn-ún lè tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúnkún méjèèjì di táyà iwájú mú, kí ẹ máa yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ti ń fà á sókè.

Àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí ọ̀pá irin ń fa bíréèkì wọn ń fẹ́ àkíyèsí. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tí ó di ọ̀pá náà mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ti ń gòkè ni yóò máa fa bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ tún un dì nígbà tí ẹ bá parí, kí ẹ sì dán bíréèkì wò.

Àmì kan sábà máa ń wà lára ọ̀pá náà. Ẹ kò gbọdọ̀ fà á kọjá ibẹ̀. Bí kò bá sí àmì, ó kéré tán, kí sẹ̀ǹtímítà 6.5 ṣì wà nínú. Ọ̀pá tí kò wọlé tó lè ṣẹ́ tàbí kí ó yọ lójú ọ̀nà. Ẹ fi gírísì pa á lára, ẹ tò ó gún régé pẹ̀lú táyà iwájú, kí ẹ sì dì í le. Bí ẹ bá tún fi orúnkún di táyà mú tí ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Àwọn kẹ̀kẹ́ òde òní kan wà tí bóòtì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá wọn. Ìyẹn kì í gòkè báyìí. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Bí ọrùn bá ń mì

Ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kí ẹ sì máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan ibi tí ọ̀pá ti wọ inú ọrùn. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ́, kọ́", tí ìka yín sì mọ̀ pé ó ń mì, ọrùn ti tú nìyẹn. Àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á máa lu ibi tí wọ́n jókòó sí, wọn á sì máa jẹ ẹ́ ní kòtò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Sípánà ńlá méjì ni ẹ nílò. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè ọrùn náà. Ẹ fi ọwọ́ yí èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ọ̀tún títí mímì náà yóò fi dẹ́kun. Ẹ má fi agbára rọ̀ ọ́. Ẹ fi sípánà kan dì í mú kí ó má yí, kí ẹ sì fi èkejì di nọ́ọ̀tì òkè le. Ẹ tún un yẹ̀ wò, nítorí dídì náà lè fún un jù. Ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè: ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí sọ́tùn-ún sósì wọ́ọ́rọ́ láì há. Bí ó bá ń rọ́ bí ẹni tí ń lọ okúta, tàbí tí ó ń dúró lójú kan, bọ́ọ̀lù tàbí ibùjókòó wọn ti jẹ. Ẹ má fi ipá ṣe é. Ẹ gbé e lọ kí a pààrọ̀ wọn.

Kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti yẹ ọrùn kẹ̀kẹ́ wò ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ fi ojú àti ìka ọwọ́ yín ṣọ́ ti ọmọ yín.