Ipa Aago Kọ̀ǹpútà Nínú Ìwọlé sí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Aláìlówáyà Tó Ní Ààbò

Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá kọ̀ láti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ṣùgbọ́n aago kọ̀ǹpútà náà lè jẹ́ okùnfà rẹ̀.

Nínú ètò bíi eduroam, tí wọ́n dá lábàá ní Netherlands ní 2002, oníkálukú ló ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀; nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá a sì máa fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, han kọ̀ǹpútà.

Bí bátìrì kékeré tí ń gbé aago ró bá ti kú, tí iná mànàmáná sì lọ títí bátìrì ńlá fi tán, aago lè padà sí 2010. Lójú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ọdún 2025 kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì kọ̀ ọ́. Kò sì lè gba àkókò tó tọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí kò tíì wọlé.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí oníkọ̀ǹpútà fi ọwọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe, kí ó tó tún gbìyànjú. Kò gbọdọ̀ torí ìkánjú pa àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí tì, kí ó má baà fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lé ayédèrú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́.