Woodshed àti Àjà: Ọ̀rọ̀ Méjì Nípa Ibi Tí A Ń Kó Igi Sí

Lẹ́bàá títì kan ní Ìgàndó, ìyá kan tí ó ń yan ẹja to igi ìdáná rẹ̀ sábẹ́ tapólì. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó ní, 'Ibi igi ni, Bàbá.' Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n woodshed, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ibẹ̀, ti bí ọmọ púpọ̀ lẹ́nu wọn. Kí ni ó fà á?

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, níbi tí ojú àlejò kò tó. Ìkọ̀kọ̀ yìí ni ìyá àwọn ìtumọ̀ yòókù. Baba tí ó fẹ́ na ọmọ lẹ́yìn ojú ará ilé, ibẹ̀ ni ó ń mú un lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ ìbáwí ìkọ̀kọ̀, títí kan ti àwọn olóṣèlú. Nínú Cold Comfort Farm tí Stella Gibbons kọ ní 1932, ohun burúkú kan tí ìyá àgbà rí níbẹ̀ nígbà èwe ni ó fi ń kó gbogbo ẹbí sábẹ́. Òǹkọ̀wé kò sì sọ ohun tí ó jẹ́ fún wa.

Àwọn olórin jáàsì ni ó lò ó lọ́nà tí ó wù mí jù: kí ènìyàn ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi orin kọ́ra. Ní 1937, Charlie Parker, tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17, lọ sí agbègbè òkè Ozark ní Missouri. Nígbà tí ó padà dé, fífun fèrè rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá.

Àwa ní àjà. Lókè ààrò ni a ń to igi sí kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Àgbàdo irúgbìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èéfín a máa lé kòkòrò. Gbangba ni ó wà lójú ará ilé, kò sì lè bí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ọmọ Àyàn pàápàá kì í sá pamọ́ kọ́ ìlù. Ẹ̀yìn baba rẹ̀ ni ó wà lójú agbo, tí àṣìṣe rẹ̀ ń dún sétí gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́, a ní Àjà mìíràn, ẹ̀mí tí a gbà pé ó ń gbé ènìyàn wọ igbó, tí onítọ̀hún a sì padà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ewé àti egbò. Èyí sún mọ́ ìrìn-àjò Parker, ṣùgbọ́n n kò ní so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nítorí ìró nìkan.

Gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún fi ń dáná báyìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì mọ àjà: pákó tàbí ike pẹlẹbẹ tí a kàn sábẹ́ páànù. Wọn kò ṣì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ìtàn fún wọn, tí a dé ibi tí ìyàwó ti nawọ́ sókè àjà fa igi méjì yọ, a ní láti dúró ṣàlàyé, bí mo ti dúró ṣàlàyé woodshed fún yín lónìí.