Ẹ Yẹ Àkókò Epo Wò Kí Ọkọ̀ Yín Tó Gun Òkè
Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin tí ń fi píkọ́ọ̀pù dísẹ̀lì àtijọ́ wọ́ ẹrù

Kò sí awakọ̀ tí ń gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì tí kò mọ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Níbẹ̀ ni a ti í mọ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá. Bí píkọ́ọ̀pù kan bá so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ìdí, tí a gbé ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ lé e, tí ó wá ń tu èéfín bí ó ti ń gun òkè náà, tí omi rédíétọ̀ rẹ̀ sì ń hó, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí ni pé ọkọ̀ náà ti gbó. Ó lè má jẹ́ ogbó rárá. Ó lè jẹ́ pé epo kò wọ inú ẹ́ńjìnnì ní àkókò tí ó yẹ. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn, òun ni a sì fẹ́ là yé ẹ̀yin àgbẹ̀, oníṣòwò àti awakọ̀ tí ẹ ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́.

Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Toyota Hilux àtijọ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì 2L tàbí 3L. Sílíńdà mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. 2L jẹ́ lítà 2.4, 3L sì jẹ́ lítà 2.8. Èyí tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, tí bẹ́líìtì ń yí, ni a ń sọ. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń darí epo ọkọ̀ tiyín, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án.

BÍ EPO TI Í GBINÁ

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo bí ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì ń fún pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ìdá 22 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo kì í gbiná ní kété tí ó bá wọlé. Ó gba àkókò díẹ̀. Nítorí náà ni pọ́ǹpù fi gbọ́dọ̀ fín epo ṣáájú kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, kí agbára iná lè bá a gẹ́lẹ́ bí ó ti ń padà sísàlẹ̀.

Bí epo bá pẹ́ jù kí ó tó wọlé, písítìnì yóò ti máa sọ̀kalẹ̀ kí iná tó ràn. Agbára yóò dín, epo yóò ṣòfò, èéfín funfun yóò máa jáde ní òwúrọ̀, ooru tí ìbá ti písítìnì yóò sì gba sálẹ́ńsà lọ lásán. Bí epo bá sì yá jù, iná yóò ràn nígbà tí písítìnì ṣì ń gòkè bọ̀. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò máa dún bí ẹni fi òòlù lu irin. Èyí ni í ba gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, tí í sì í ṣe písítìnì léṣe.

Ọkọ̀ tí kò ru nǹkan lè fara da irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èyí tí ń wọ́ ẹrù kò lè fara dà á, nítorí pé ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í kúrò lórí iná bí ó bá ń gun òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,500 ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba epo láàrin ìṣẹ́jú náà. Ìgbà 1,500 náà ni àṣìṣe kan ṣoṣo ń padà wá. Bí ooru bá wá sán tọ́ọ̀pù sílíńdà, ọkọ̀ dúró nìyẹn, oúnjẹ ilé sì dúró pẹ̀lú rẹ̀.

ETÍ NÌKAN KÒ TÓ

Àṣà kan wà láàrin àwọn mẹkáníìkì kan. Wọn a tú nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù díẹ̀, wọn a máa tì í síwá sẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó bá sì ti dùn létí ni wọn a dì í sí. A kò kẹ́gàn ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó dún dáradára lórí ìdúró kò tíì rí òkè. Ìwọ̀n tí a ń wá kò tó mìlímítà kan, àyè tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà sì fi sílẹ̀ fún àṣìṣe kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú irun orí kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́ǹpù ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, tí ó fi jẹ́ pé àṣìṣe kékeré lára pọ́ǹpù di ìlọ́po méjì lára ẹ́ńjìnnì. Géèjì olójú aago, tí ó pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100, ni ó lè rí ohun tí etí kò lè gbọ́.

BÍ A TI Í ṢE É

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi òkúta di táyà, kí ẹ sì tú orí bátìrì. Ẹ wo bẹ́líìtì: bí ó bá ti rin kìlómítà 100,000, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná. Ẹ rí i pé gbogbo àmì rẹ̀ bára mu.

Èkejì, lára pọ́ǹpù náà, apá kékeré kan wà tí ń mú epo yára wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ há a kí ó má lè ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni géèjì yóò pa.

Ẹ̀kẹta, ẹ fọ ẹ̀yìn pọ́ǹpù mọ́, kí ẹ tú bóòtù tí ó wà láàrin páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì de géèjì síbẹ̀. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi ku ìwọ̀n bíi dígírì 25 sí 30 kí písítìnì àkọ́kọ́ tó dé òkè. Níbẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì kò ní mira. Ẹ fi í sí òdo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rọra yí ẹ́ńjìnnì sí ọ̀nà tí ó máa ń yí sí, títí písítìnì àkọ́kọ́ yóò fi dé òkè gan-an. Bí ẹ bá ré e kọjá, ẹ má ṣe yí i padà díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka géèjì, kí ẹ sì fi wé iye tí ó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì náà gan-an, nítorí iye ti ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Bí ó bá dín, epo ń pẹ́. Bí ó bá lé, epo ń yá jù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dẹ ìdè páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti nọ́ọ̀tì tí ó di pọ́ǹpù mú, kí ẹ sì rọra tẹ pọ́ǹpù náà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kí ojú yín má kúrò lára abẹ́rẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dì í le, kí ẹ sì tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí dídì le lè sún un. Lẹ́yìn náà ẹ yọ irin tí ẹ fi há a, ẹ dá bóòtù padà pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú epo jáde.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Epo tí ó ń ti páìpù nọ́sù jáde lágbára tó láti gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

Ẹ má sì ṣe fi epo yá ju iye inú ìwé lọ nítorí kí ọkọ̀ lè fà dáadáa. Bí táímìn bá pé tí agbára kò sì tó, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, fílítà epo, nọ́sù, àti bíréèkì tí ó lè máa di táyà mú. Kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹrù náà kò ju ohun tí a ṣe ọkọ̀ fún.

Nígbà tí ẹ bá gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ohun méjì ni kí ẹ bèèrè: iye tí ìwé sọ, àti iye tí géèjì kà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú ọkọ̀. Bí kò bá rí iye méjèèjì sọ fún yín, ẹ má tíì so ẹrù mọ́ ọn.