Irin Ìbora àti Irin Agbọ́kọ̀ró: Ìpẹtà lára Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́

'Páànù' ni a sábà ń pe gbogbo irin pẹlẹbẹ tí ó wà lára ọkọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yìí kò tó fún iṣẹ́ àtúnṣe. Lára ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1947 àti 1955, bọ́nẹ́ẹ̀tì kàn bo ẹ́ńjìnnì ni. Ṣùgbọ́n irin abẹ́ ilẹ̀kùn wà lára ohun tí ó gbé ilé awakọ̀ ró. A dábàá 'irin ìbora' fún ti ìṣáájú, 'irin agbọ́kọ̀ró' fún ìkejì.

Omi àti ọ́síjìn ni ó ń sọ irin di ìpẹtà. Iyọ̀ a sì máa mú un yá. Inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹrẹ̀ ń dì sí, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú lóde, inú ti jẹ.

Ìpẹtà tí kò ju ojú irin lọ ṣeé ha dànù, kí a sì kun ibẹ̀ lọ́dà. Ṣùgbọ́n bí irin agbọ́kọ̀ró bá ti lu, a ní láti gé e dé ibi tí ó ṣì le, kí a sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ṣáájú gígé, kí a fi ọ̀pá irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, kí ilé awakọ̀ má baà wọ́.

Bí ìwé ìtọ́ni bá pe irin méjèèjì ní páànù, òǹkàwé lè fi pọ́tì dí ohun tí ẹ̀mí awakọ̀ gbára lé.