Ìjà Ojúgun Tó Bí Bọ́ọ̀lù Òde Òní

Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ta ẹlòmíì nípàá lójúgun lónìí, rẹfirí yóò fa káàdì pupa yọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1863, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀.

Ní October 26 ọdún náà ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bíi mélòó kan pàdé ní ilé ọtí Freemasons' Tavern, tí wọ́n sì dá àjọ bọ́ọ̀lù tí à ń pè ní FA sílẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kan yàtọ̀ sí ti èkejì: ní Rugby, wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà sáré, ní Eton, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ọmọ Rugby bá pàdé ọmọ Eton lórí pápá ńkọ́? Agbẹjọ́rò kan, Ebenezer Cobb Morley, ló kọ òfin tuntun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Blackheath fárígá pé ta-ni-nípàá kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Campbell tó ń ṣojú fún wọn ní bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn ará Faransé tó fi ọ̀sẹ̀ kan péré kọ́ eré náà yóò fàgbà hàn wọ́n. Èsì Morley ni pé bí wọ́n bá fi sílẹ̀, kò sí àgbàlagbà tó lórí pípé tí yóò bá wọn gbá a mọ́. Wọ́n yọ ọ́, Blackheath sì bínú jáde. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 1871, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bíi ti Rugby dá àjọ tiwọn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn fòfin de ta-ni-nípàá.

Ká má rò pé bọ́ọ̀lù òní ni wọ́n ń gbá nígbà yẹn o. Lábẹ́ òfin 13 ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù lófuurufú, kò sí igi lókè ojúlé, a kò sì gbọdọ̀ gbá a sí ẹni tó wà níwájú. Ní 1866 ni wọ́n dẹ òfin ti ìkẹyìn yìí, àwọn ará Scotland sì wá fi pípín bọ́ọ̀lù láàárín ara ẹni dárà.

Àwọn ọlọ́lá ló kọ òfin, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ló gba eré náà lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1850 ní kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ilé ìhunṣọ ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Bí wọ́n bá ti lọ, iṣẹ́ àwọn ọkùnrin náà a dúró. Ọ̀sán Sátidé wá di ti bọ́ọ̀lù. Ní 1883, Blackburn Olympic, tí àwọn ahunṣọ àti púlọ́ńbà wà nínú wọn, na àwọn ọmọ Eton àtijọ́ ní àmì ayò 2 sí 1 láti gba ife FA. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ ọlọ́lá kankan tó tún gbà á.

Owó ló kàn. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, títí tí FA fi fọwọ́ sí i ní 1885. Ẹgbẹ́ 12 sì bẹ̀rẹ̀ líìgì ní 1888. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Arthur Wharton, aṣọ́lé tí wọ́n bí ní Accra ní 1865, ń gbowó lọ́dọ̀ Rotherham Town.